Kíláàsì Thermodynamics Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ní Ẹ̀pẹ́: Ohun Tí Mo Rí Níbẹ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi lọ sí kíláàsì àfikún thermodynamics kan (ẹ̀kọ́ nípa ooru àti iṣẹ́ tó ń ṣe) tí wọ́n ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò jìnnà sí ọgbà ìmọ̀ ẹ̀rọ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ẹ̀pẹ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni mo sì san. Orí kan ṣoṣo ló gbé mi débẹ̀: ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gáàsì tí a bá mú un gbóná nínú ohun tí kò lè fẹ̀. Mo ti há gbogbo ìlànà rẹ̀ sórí tẹ́lẹ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ti yí ìbéèrè padà díẹ̀, ó máa ń dàrú mọ́ mi lójú.

Kí olùkọ́ náà tó kọ ohunkóhun sójú pátákó, ó bi wá pé, "Ṣé ògiri àpótí yìí sún, àbí kò sún?" Bí gáàsì bá ti ohun kan kúrò láàyè rẹ̀ nìkan la lè sọ pé ó ṣiṣẹ́, bí ohunkóhun kò bá sún, òdo ni iṣẹ́ náà, gbogbo ooru tó wọlé sì di agbára inú gáàsì fúnra rẹ̀. Ó mú kílógíráàmù 2 afẹ́fẹ́ nínú táńkì irin tí wọ́n dé pa, ó ní kí a mú un gbóná láti 27°C dé 127°C. Ooru tó gbà jẹ́ 143.6 kJ (kílójúùlù, ìwọ̀n agbára). Lẹ́yìn náà ló ní kí a fi ìdérí tó lè yọ̀ lọ sókè sí táńkì náà, kí ìfúnpá má baà yí padà: afẹ́fẹ́ kan náà, ìgbóná kan náà, àmọ́ 201 kJ ló gbà. 57.4 kJ tó fi lé ni gáàsì ná sórí gbígbé ìdérí náà sókè. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ìdí tí ìwé fi ń kọ 0.718 níbì kan tí ó sì ń kọ 1.005 níbòmíràn fún afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, ìyẹn iye kJ tí kílógíráàmù kan ń gbà kí ó tó fi dígírì kan gbóná sí i.

Ti ìfúnpá nínú táńkì tí wọ́n dé pa, ó kìlọ̀ pé kí a kọ́kọ́ fi 273 kún ìgbóná kí ó lè di kelvin, ìwọ̀n ìgbóná tó bẹ̀rẹ̀ láti òdo gidi. 300 ló di 400, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni ìfúnpá fi lé sí i. Ẹni tó bá fi 27 pín 127 yóò rò pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po márùn-ún. Àpẹẹrẹ táyà ló dùn mọ́ mi jù. Ọkọ̀ tó ń ná Ẹ̀pẹ́ sí Àjàh lè gbéra pẹ̀lú 32 psi (ìwọ̀n ìfúnpá tí géèjì táyà ń kà) ní 27°C. Bí táyà bá gbóná dé 57°C, géèjì yóò kà tó 36.7, nítorí pé a ó ti fi 14.7 ti afẹ́fẹ́ ìta kún un kí a tó ṣírò, a ó sì yọ ọ́ lẹ́yìn náà. Táyà máa ń fẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò tó nǹkan. Fọkanáísà tó bá jò ó sílẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná ti ṣe awakọ̀ níbi, torí pé táyà náà kò ní pé ìwọ̀n mọ́ bó bá tutù tán.

Àléébù kan wà tí n kò lè gbójú fò. Ẹnì kan béèrè bóyá sìlíńdà gáàsì ìdáná náà ń tẹ̀ lé òfin ìfúnpá àti ìgbóná yìí, olùkọ́ sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gáàsì tó ti di omi ló pọ̀ jù nínú sìlíńdà náà, bí ó bá sì ṣe ń gbóná ni omi yẹn ń padà di gáàsì sí i, nítorí náà ìfúnpá rẹ̀ máa ń yára gòkè ju bí òfin yìí ṣe wí lọ. Mo sọ fún un lẹ́yìn kíláàsì. Ó gbà, ṣùgbọ́n kò tún un ṣe lójú gbogbo wa ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò sì jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn gbọ́ràn, nítorí náà ẹ tètè dé kí ẹ lè jókòó síwájú.

Síbẹ̀, mo ti san owó oṣù tó ń bọ̀, tí wọ́n fẹ́ ṣàlàyé irú ẹ́ńjìnnì tí Nikolaus Otto ará Jámánì ṣe ní 1876, níbi tí wọ́n ti ń ṣírò jíjó epo bí ẹni pé písítìnì dúró sójú kan.