Àwọn ajẹ́ńtì tó ń bá oníṣòwò gba ìwé àṣẹ: kí lẹ gan-an ń sanwó fún?

Ẹni tó bá fẹ́ dá òwò sílẹ̀, tí kò sì fẹ́ máa ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn, á rí oríṣi èèyàn mẹ́ta tó ṣe tán láti bá a ṣe é. Àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ ó kọ fọ́ọ̀mù, ẹ ó sanwó, ìwé á wọlé sínú ímeèlì yín. Àwọn kan jẹ́ lọ́yà tàbí akáúńtáǹtì. Àwọn kẹta ni ajẹ́ńtì àdúgbò, tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ilé ara rẹ̀. “A ó bá yín gba gbogbo ìwé” ni gbogbo wọn máa ń sọ. Ohun tí kálukú wọn ń pè ní “gbogbo ìwé” kò dọ́gba rárá, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wọmi.

Ìwé òwò pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìforúkọsílẹ̀ ń sọ pé òwò náà wà àti ẹni tó ni ín. Nọ́ńbà owó orí wà fún àwọn agbowó-orí. Láísẹ́ǹsì iṣẹ́ ń sọ pé ẹni yìí tóótun láti ṣe irú iṣẹ́ yìí: oògùn títà, iná mànàmáná, ìtọ́jú ọmọdé, ọtí. Àṣẹ ibùdó ló kẹ́yìn, òun ló ń sọ pé ilé yìí ṣe é lò fún òwò yìí. Méjì àkọ́kọ́ rọrùn, wọn kì í sì í pẹ́. Méjì ìkẹyìn ló lè ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín pa. Ẹ wo ètò tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa, méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí “ìrànlọ́wọ́ lórí láísẹ́ǹsì” nínú àkọsílẹ̀ wọn, ẹ béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé orúkọ àwọn ọ́fíìsì nìkan ni wọ́n máa tò fún yín, pé ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ ìwé, tí ẹ máa sanwó, tí ẹ sì máa dúró de àwọn tó ń yẹ ibi wò.

Fún ìforúkọsílẹ̀ lásán, àwọn ti íntánẹ́ẹ̀tì ti tó, kò sí ìdí láti san owó lọ́yà fún òwò ẹni kan ṣoṣo. Àléébù wọn ni pé ohun tí ẹ bá kọ ni wọ́n máa fi ránṣẹ́, wọn kì í bi yín léèrè. Bí orúkọ inú fọ́ọ̀mù bá fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ti káàdì ìdánimọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa lọ, báǹkì ló sì máa kọ́kọ́ rí i. Tí àwọn tó ni òwò bá ju ẹnì kan lọ, lọ́yà ló yẹ, nítorí àdéhùn láàárín àwọn tó ni ín ṣe pàtàkì ju fọ́ọ̀mù lọ.

Àyè kékeré kan wà nínú fọ́ọ̀mù yìí tí àwọn èèyàn máa ń fò kọjá, ibi tí wọ́n ti ń béèrè irú òwò tí ẹ fẹ́ ṣe, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló bá ISIC mu, ìyẹn ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń pín òwò sí ọ̀wọ́ láti 1948. Nínú àtúnṣe kẹrin rẹ̀, 1071 ni ti ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. 4721 ni ti ṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ oúnjẹ nìkan ló ń tà. Ẹni tó bá gbé àga àti tábìlì kalẹ̀ kí oníbàárà lè jókòó jẹun ti bọ́ sí 5610. Ẹnì kan ṣoṣo lè máa ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lábẹ́ òrùlé kan. Bí ajẹ́ńtì bá fi 4721 nìkan sílẹ̀, ìwé á máa sọ pé ẹ̀ ń ta oúnjẹ, nígbà tí ààrò àti àpò ìyẹ̀fun tó wà lẹ́yìn ń sọ pé ẹ̀ ń ṣe é. Ọ́fíìsì tó ń fúnni ní àṣẹ ibùdó lè dá fọ́ọ̀mù padà nítorí èyí, iléeṣẹ́ abánigbófò sì lè lò ó láti jiyàn lọ́jọ́ tí iná bá sọ. Ajẹ́ńtì tó mọṣẹ́ á béèrè ohun tí ẹ máa ṣe lónìí àti ohun tí ẹ fẹ́ fi kún un láàárín ọdún kan, kó tó yan nọ́ńbà.

Àṣẹ ibùdó ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú ṣùnnùkùn wò. Ìgbà tó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ti pín ilẹ̀ ìlú: apá kan fún ilé gbígbé, apá kan fún ọjà títà, apá kan fún iléeṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà lè máà ṣe é lò fún búrẹ́dì ṣíṣe láìjẹ́ pé wọ́n yí ìlò rẹ̀ padà lórí ìwé, ìyípadà yẹn sì lè gba oṣù bíi mélòó kan. Owó ilé kò ní dúró de ìwé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó ti ẹnu ajẹ́ńtì jáde ni pé: kí ni wọ́n ń ṣe nínú ilé yìí tẹ́lẹ̀? Lẹ́yìn náà, ṣé gáàsì ni ààrò ń lò tàbí iná mànàmáná? Ibo ni èéfín ń gbà jáde? Èèyàn mélòó ló máa jókòó? Ibo ni omi ìdọ̀tí ń ṣàn lọ? Ajẹ́ńtì tí kò béèrè nǹkan kan nínú ìwọ̀nyí, tó kàn dárúkọ iye owó rẹ̀, kò tíì mọ ìwé tí ẹ nílò.

Ohun kejì ni àwòrán. Fún ibi tí wọ́n ti ń se oúnjẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera sábà máa ń fẹ́ rí àwòrán ibi náà, tó fi ìwọ̀n, ẹ̀rọ, páìpù àti ibi ìfọwọ́ hàn, kí iṣẹ́ ilé tó bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù ni kí wọ́n ti lẹ táìsì tán kí wọ́n tó fi àwòrán sílẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé báṣíà tí wọ́n ti ń fọ abọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń fọwọ́, àfi kí wọ́n fọ́ táìsì kí páìpù tuntun lè gba ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ àpótí tó ń gba ọ̀rá dúró kó má bàa dí páìpù rí bẹ́ẹ̀: abẹ́ ilẹ̀ ni ibùjókòó rẹ̀ sábà máa ń wà, kò ṣe é fi sí lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti gbẹ.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, nǹkan kéékèèké ló máa ń bani jẹ́. Òṣìṣẹ́ ìlera á mú tẹmómítà tirẹ̀ jáde, á tì í sínú fíríìjì. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí oúnjẹ tútù wà lábẹ́ 5°C, kí oúnjẹ gbígbóná sì ju 60°C lọ. Fíríìjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn ní àárọ̀ ọjọ́ náà lè máà tíì dé ìwọ̀n yẹn, nítorí náà ẹ tàn án láti ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn panápaná á wo bóyá páálí dí ilẹ̀kùn àbájáde, wọ́n á sì wo irú ohun èlò ìpaná tí ẹ ní. Bí ẹ bá ń dín nǹkan nínú epo, ti olómi lásán kò wúlò, ó léwu pàápàá, torí omi máa ń fọ́n epo tó ń jó káàkiri. Èyí tí wọ́n kọ F sí lára ni wọ́n ń lò ní Yúróòpù, K ni ti Amẹ́ríkà. Ajẹ́ńtì àdúgbò tó bá wá yẹ ibẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, tó tẹ̀ lé ìwé àyẹ̀wò ọ́fíìsì náà fúnra rẹ̀, yẹ lẹ́ni tí à ń sanwó fún. Ẹni tí kò dé ṣọ́ọ̀bù yín rí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bó ti wù kí ojú òpó rẹ̀ dára tó.

Ní ti owó, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya owó ìjọba sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́ wọn, kí rìsíìtì ọ́fíìsì sì jáde lórúkọ òwò yín. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, tó ní àròpọ̀ nìkan lòun á sọ, ẹ fi í sílẹ̀. Ọ́fíìsì kan lè ní owó ìyára tirẹ̀ tó wà lákọsílẹ̀, ìyẹn kò burú. Àmọ́ ajẹ́ńtì tó bá ṣèlérí pé dandan ni ìwé á jáde ń ta ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọ́fíìsì nìkan ló lè fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ àkáǹtì wà níbẹ̀ tó le ju owó lọ. Bí wọ́n bá fi ímeèlì ajẹ́ńtì ṣí àkáǹtì yín lórí pọ́tà ìjọba, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìkìlọ̀ àtúnṣe láísẹ́ǹsì máa lọ. Ó lè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀yin ò sì ní mọ̀ pé ìwé yín ti kú títí àwọn olùyẹ̀wò á fi dé. Ímeèlì òwò yín àti fóònù yín ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan máa parí sórí kàlẹ́ńdà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀ ní 90 ọjọ́ ṣáájú. Ẹ rántí pé àṣẹ ibùdó mọ́ ilé yẹn ni. Bí ẹ bá kó lọ síbòmíràn, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀.

Tí ìwé ẹ̀kọ́ṣẹ́ yín bá wá láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹ béèrè bóyá ọ́fíìsì náà ń gba àpósítíìlì, òǹtẹ̀ tí Àdéhùn Hague ti 1961 dá sílẹ̀ láti fi hàn ní orílẹ̀-èdè mìíràn pé ìbuwọ́lù àti èdìdì inú ìwé kì í ṣe ayédèrú. Orílẹ̀-èdè tó fún yín níwèé ló ń tẹ̀ ẹ́. Ajẹ́ńtì tí kò bá mọ èyí lè dá yín dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Bí òwò yín bá jẹ́ èyí tí ẹ lè fi kọ̀ǹpútà ṣe nínú ilé, ẹ fúnra yín forúkọ sílẹ̀ tàbí kí ẹ lo ti íntánẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ kéré jù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wò ó pé iṣẹ́ náà kò nílò láísẹ́ǹsì. Bí iná, oúnjẹ, oògùn tàbí ọ̀pọ̀ èèyàn bá wọ̀ ọ́, ẹ kó owó yín lé ajẹ́ńtì tó ń wá síbi iṣẹ́. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ní kó kọ ìwé tí kò sí nínú ètò rẹ̀ sílẹ̀ fún yín, àti orúkọ ọ́fíìsì tó ń fúnni ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá kọ ọ́ láìjáfara, ẹ lè bá a ṣiṣẹ́.