Rúlà onígun mẹ́ta tí mo rà láti fi ka pílánù ilé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé, rúlà yìí dáa o. Onígun mẹ́ta ni, ojú ìwọ̀n mẹ́fà ló ní, 1:100 (ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí pílánù dúró fún mítà kan lórí ilẹ̀), 1:50, 1:20 àtàwọn yòókù. Tẹ́lẹ̀, tí n bá ti rí 3600 lórí pílánù, orí mi á dàrú, àṣé mìlímítà ni wọ́n fi ń kọ ọ́, mítà 3.6 nìyẹn, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ tó fíìtì 12. Mo gbé ojú 1:100 lé yàrá yẹn, ó bọ́ sórí 3.6 géérégé, inú mi dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́!

Àmọ́ ó fẹ́ kó bá mi lọ́jọ́ kan ṣá. Pílánù A3 ni mo ní kí wọ́n bá mi tẹ̀, wọ́n bá fún un pọ̀ sórí A4, pépà tó jẹ́ ìdajì A3, ni rúlà bá ń sọ pé yàrá kan náà ò ju 2.5 lọ, díẹ̀ ló kù kí n bá bíríkìlà jà, láìmọ̀ pé pépà ló sún kì, nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ ò yí padà.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí fíìtì lára ẹ̀, bẹ́ẹ̀ fíìtì ni bíríkìlà mi ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, nọ́ńbà ojú 1:50 sì ti ń pa rẹ́. Sítáà 4 ni mo fún un.