Wákàtí Mẹ́ta Nídìí Okùn: Ẹ̀kọ́ Ìfokùn-mú-màlúù Kan ní Texas

Àwa mẹ́jọ la jọ sanwó ẹ̀kọ́ yìí ní ọgbà màlúù kan tí kò jìnnà sí ìlú San Antonio. Ìwé ìpolówó wọn ṣèlérí pé a óò fi òwúrọ̀ kan rí ayé kábọ́ọ̀yì Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà tó owó tí wọ́n gbà, n kò ní kọ̀ láti tún un san. Ìlérí yẹn ni mo ní ọ̀rọ̀ bá sọ.

Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Mẹ́síkò, ló kọ́ wa. Kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan okùn, wọ́n to irinṣẹ́ sórí tábìlì, wọ́n sì ń dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní lariat, la reata ni lẹ́nu àwọn vaquero, ìyẹn àwọn darandaran Mẹ́síkò tí orúkọ iṣẹ́ wọn wá láti ara vaca, màlúù lédè Sípéènì. Chaps, sòkòtò awọ tí wọ́n ń wọ̀ lé ti abẹ́ kí ẹ̀gún má baà ya wọ́n lẹ́sẹ̀, ara chaparreras ni wọ́n ti gé e. Buckaroo tí wọ́n ń pe darandaran ní Nevada, vaquero yẹn náà ni, ẹnu àwọn tí kò gbọ́ Sípéènì ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti dùn jù ni ìwo iwájú gàárì, ìyẹn kókó tó yọ sókè níwájú gàárì ẹṣin, èyí tí gàárì àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò ní. Okùn àtijọ́ jẹ́ awọ màlúù gbígbẹ tí wọ́n ya tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sì hun pọ̀. Bí màlúù bá já a gbà lójijì, ó lè já. Nítorí náà, bí ojóbó bá ti bọ́ sọ́rùn ẹran, vaquero yóò yára yí ìdí okùn po ìwo gàárì, yóò sì máa jẹ́ kí ó yọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí agbára ẹran yóò fi rọ̀. Dar la vuelta ni wọ́n ń pe yíyí yìí. Àwọn kábọ́ọ̀yì gbọ́ ọ ní dally. Àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ wà lókè nígbà tí a bá ń yí i, nítorí pé èyí tó bá há sáàárín okùn àti ìwo lè gé lọ. Bàbá náà kò ṣàlàyé púpọ̀ lórí èyí. Wọ́n kàn na ọwọ́ ọ̀tún wọn sí wa: àtàǹpàkò wọn ti dín ní oríkèé kan. Lẹ́yìn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í ju okùn sí ọmọ màlúù onípákó, tèmi sì kọ́kọ́ bọ́ sí orí àkẹtẹ̀ ẹni tó dúró tì mí.

Yàrá àwòrán tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú wa lọ lẹ́yìn èyí ló já mi kulẹ̀. Ọdún 1867, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da màlúù Texas lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Abilene ní Kansas, ni ìtàn ara ògiri náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nípa Juan de Oñate, olórí ikọ̀ àwọn ará Sípéènì tó da ẹran ọ̀sìn kọjá odò Rio Grande, tó pààlà Mẹ́síkò àti Texas lónìí, ní 1598. Kò sí ti Richard King náà, ọlọ́gbà màlúù ní Texas, ẹni tó lọ ra màlúù ní abúlé Cruillas ní Mẹ́síkò ní nǹkan bí ọdún 1854, tí àwọn ará abúlé sì bá a padà sí Texas láti wá ṣiṣẹ́ ní ọgbà rẹ̀. Kineños, ìyẹn àwọn èèyàn King, ni wọ́n ń pe àwọn àti ìran wọn di òní. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì júwe ibi tí wọ́n ti ń ta àkẹtẹ̀ fún mi.

Ibòji kò tó, ìgò omi kan péré ni wọ́n sì fún oníkálùkù. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó mú ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ dání, kí ó fo yàrá àwòrán, kí ó sì dúró síwájú, níbi tí yóò ti máa rí ọwọ́ bàbá náà dáadáa.