Àǹkárá pọ́ọ́kú, kíréèpù, àgékù, bẹ́díṣíìtì òkìríkà: èwo ni kí ẹ rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ ara yín rán tọ́ọ̀pù?

"Eélòó ni yáàdì kan?" Ìbéèrè tí gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ bi aláṣọ nìyẹn, òun náà ló sì tàn mí jẹ jù lọ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rán ẹ̀wù ara mi. Mi ò kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kankan. Máṣíìnì ìyá mi ni mo jókòó tì, ọlọ́wọ́ yíyí olórí dúdú yẹn. Mo tú bùbá kan tó ti gbó palẹ̀, mo fi ṣe ìwọ̀n, mo ń gé, mo ń rán, mo tún ń tú u. Aṣọ tí mo bà jẹ́ lọ́dún yẹn pọ̀ ju èyí tí mo wọ̀ jáde lọ. Nígbà tí mo wá ṣírò ẹ̀, kì í ṣe aṣọ tó wọ́n ló jẹ mí lówó jù. Àwọn tí wọ́n ń pè ní gbàǹjo ni.

Ẹ jẹ́ ká wá fi aṣọ mẹ́rin tówó wọn wálẹ̀ wé ara wọn, lójú ẹni tó fẹ́ rán an fúnra rẹ̀: àǹkárá pọ́ọ́kú, kíréèpù, àgékù àti bẹ́díṣíìtì òkìríkà. Màá fẹnu ba kàm̀pálà díẹ̀. Léèsì ò sí níbí. Ẹni tó bá ń fi léèsì kọ́ṣẹ́, owó ń bẹ lọ́wọ́ olúwarẹ̀ nìyẹn.

Ìbú aṣọ lẹ máa kọ́kọ́ wọ̀n

Ẹ mú téèpù tiyín lọ sọ́jà. Ìbú àǹkárá kì í sábà ju íǹṣì 45 tàbí 46 lọ, kíréèpù sì sábà máa ń tó 58 sí 60. Ká ní aláṣọ kan pe yáàdì àǹkárá ní ₦1,500, tí ìkejì pe kíréèpù ní ₦2,000. (Ká ní ni mo wí o. Iye tòní, ẹnu aláṣọ lẹ ti máa gbọ́ ọ.) Lójú lásán, àǹkárá lowó rẹ̀ wálẹ̀ jù. Ẹ wá pín 1,500 sí ọ̀nà 45, kí ẹ pín 2,000 sí ọ̀nà 60: ₦33 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ni íǹṣì ìbú kọ̀ọ̀kan jẹ́ lórí méjèèjì. Owó kan náà ni.

Ibi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ gé e ló tún ti yàtọ̀. Ẹni tí ìdí rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 40, tó fẹ́ tọ́ọ̀pù alápá péńpé tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 25, iwájú á gba nǹkan bí íǹṣì 22 ní ìbú, ẹ̀yìn á gba 22. Ìyẹn 44. Lórí àǹkárá, ìbú ti tán. Ìsàlẹ̀ ni apá méjèèjì á lọ, yáàdì kan ò sì ní tó yín dáadáa. Kan àbọ̀ lẹ máa rà. Lórí kíréèpù, íǹṣì 16 ṣì ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́, apá kan á jókòó sókè, ìkejì á jókòó sísàlẹ̀, yáàdì kan á gbé gbogbo ẹ̀. Ẹ ò wá rí i? Àǹkárá tẹ́ ẹ ní owó rẹ̀ wálẹ̀ ti di ₦2,250, kíréèpù tẹ́ ẹ ní ó wọ́n ṣì wà ní ₦2,000. Tó bá jẹ́ bùbá ìbílẹ̀ alápá gbàgẹ̀rẹ̀ lẹ fẹ́, yáàdì méjì àǹkárá ni kí ẹ ní lọ́kàn.

Ẹ má tíì sáré gbé kíréèpù o. Aṣọ ò tíì dé abẹ́ abẹ́rẹ́.

Àǹkárá: aṣọ tó máa ń forí jinni

Tí ọwọ́ yín ò bá tíì tọ́, ẹ̀yìn àǹkárá ni kí ẹ sá sí. Bẹ́ ẹ bá ká a, ó ká. Bẹ́ ẹ bá fi áyọ́ọ̀nù tẹ ìṣẹ́tí rẹ̀, ó dúró síbi tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Kì í yọ̀ lábẹ́ sísọ́ọ̀sì, ṣọ́ọ̀kì máa ń hàn lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 14 á sì rán an láìjanpata. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó ń kọ́ ọ ni pé bẹ́ ẹ bá rán an wọ́, ẹ lè tú u. Ojú ihò abẹ́rẹ́ á pa dé lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́. Sátíìnì ò ní ṣe irú ojúure bẹ́ẹ̀ fún yín láéláé.

Àmọ́ orúkọ lásán ni àǹkárá. Òwú pọ́nńbélé wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi rọ́bà (pólíẹ́sítà) hun wà níbẹ̀, àdàlù sì wà láàárín. Ẹ má gbójú lé ohun tí wọ́n kọ sí etí aṣọ. Ilé iṣẹ́ Vlisco ti ń ṣe tirẹ̀ ní ìlú Helmond lórílẹ̀-èdè Netherlands láti 1846, kò sì sí bí tiwọn ṣe máa bọ́ sí owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀dà tí wọ́n fi ń jọ ọ́ ló kún ìsọ̀. Ẹ̀dà ò burú, bó bá ṣáà ti jẹ́ òwú. Ẹ yí aṣọ náà dà. Wáàsì gidi (àǹkárá tí wọ́n fi ìda pa láró), àwọ̀ iwájú àti tẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí tí wọ́n kàn tẹ àwòrán sójú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun ju iwájú lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á. Bí nǹkan funfun bá ń gbọ̀n jáde, sítáàṣì ló mú un le bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, á rọ jọ̀bọ̀tọ̀.

Iná ni adájọ́. Ẹ fa fọ́nrán kan létí rẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"
"Ẹ má bínú, Ìyá, mo fẹ́ sun ún ni."
"Ẹ fẹ́ sun ọjà mi?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì ya ṣíṣáná fún mi fúnra rẹ̀. Òwú á jó bíi bébà, òórùn bébà jíjó ló máa ní, eérú rẹ̀ á rọ̀. Rọ́bà á yọ́, á ká kò, á di kóró dúdú líle, òórùn rẹ̀ á sì dà bí ìgbà tí ike ń jó. Bó bá jó díẹ̀ tó tún ku kóró sílẹ̀, àdàlù ni. Aláṣọ tí kò bá jẹ́ kí ẹ fa fọ́nrán kan ṣoṣo, ẹ rẹ́rìn-ín sí i, kí ẹ kọjá.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan wà lọ́rùn òwú: ó máa ń súnkì. Tọ́ọ̀pù tí mo kọ́kọ́ rán tó dọ́gba, tí ọrùn rẹ̀ jókòó, tí mo fi ń yan kiri ilé, mi ò rẹ aṣọ náà sómi kí n tó gé e. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì di ti àbúrò mi. Láti ìgbà yẹn, aṣọ òwú kankan ò kan sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi kó má tíì sun inú omi mọ́jú, kí oòrùn gbẹ ẹ́, kí n lọ̀ ọ́. Bẹ́ ẹ bá ń ra á, ẹ fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ yáàdì lé e nítorí èyí.

Kíréèpù: ó rẹwà lára, ó le lọ́wọ́

Kíréèpù onírọ́bà (òun ni mò ń sọ níbí) kì í súnkì, kì í ṣá bọ̀rọ̀, kò sì ní kẹ́ ẹ máa wá iná áyọ́ọ̀nù kiri láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó máa ń wálẹ̀ dáadáa lára. Tó bá jẹ́ tọ́ọ̀pù ọ́fíìsì lẹ ń wá, mi ò ní parọ́, òun ló dáa jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó máa gbà lọ́wọ́ yín. Ó máa ń yọ̀ lórí tábìlì, nítorí náà ẹ ní láti fi píìnì gún un tímọ́tímọ́. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 11 ló fẹ́, bó bá fẹ́lẹ́ gan-an, 9. Bẹ́ ẹ bá fi 14 lù ú, á máa fa. Etí rẹ̀ máa ń tú, torí náà ẹ máa gbé e lọ sọ́dọ̀ oníwíìfù tó ń fi máṣíìnì dí etí aṣọ, owó nìyẹn. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ á fi ara hàn, ẹ máa ra láínìn sí i, owó nìyẹn náà. Bí áyọ́ọ̀nù bá gbóná jù, á yọ́ mọ́ ọn. Oòrùn oṣù Kẹta Ìbàdàn ni kí n tún sọ̀rọ̀ rẹ̀? Rọ́bà kì í mu òógùn. Ẹni tó ń wọ dánfó lọ síbi iṣẹ́ mọ ohun tí mò ń wí.

₦250 tí ìbú rẹ̀ bá wa fi pa mọ́ lókè yẹn, wíìfù nìkan lè jẹ ẹ́ tán, ká má tíì dárúkọ láínìn.

Ẹ gbé e jáde sínú oòrùn kẹ́ ẹ tó sanwó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lábẹ́ gílóòbù inú ìsọ̀ kan, mo ra yáàdì mẹ́ta búlúù tó dúdú bí aró. Ilẹ̀ mọ́, mo tẹ́ ẹ sójú fèrèsé, elésè àlùkò ni mo rí. Ẹni tó tà á fún mi ò parọ́, èmi náà ò fọ́jú. Iná ló ṣe é.

Ṣífọ́ọ̀nù àti sátíìnì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀.

Àgékù

Ìparí ìdì tí aláṣọ ò rí tà ni, tàbí èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ télọ̀. Ẹ máa rí i lẹ́nu ìsọ̀ ní Gbági Tuntun n'Íbàdàn, ọjà tí wọ́n fi orúkọ Bọ́lá Ìgè sọ yẹn, bẹ́ ẹ ṣe máa rí i ní Balógun l'Ékòó, ní ìdì tàbí ní ẹyọ. Ibí ni wọ́n ti lè rí òwú tó dáa gan-an rà ní owó tí ò tó nǹkan, ibí náà sì ni wọ́n ti ń ra ìyà. Ẹ tú gbogbo ìdì náà. Ẹ wo ìlà ibi tí àwòrán ti kọsẹ̀, ihò, ìpẹtà, àti ibi tí oòrùn ti jẹ ẹ́ lójú ìká. Yáàdì kan jẹ́ íǹṣì 36, téèpù yín ni kó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe apá aláṣọ.

Àgékù yáàdì kan kò gba àṣìṣe, torí kò sí òmíràn tẹ́ ẹ máa padà lọ rà. Àwòrán rẹ̀ náà ń kọ́? Bó bá jẹ́ ẹyẹ tó ń fò sókè ni, iwájú àti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kọjú síbì kan náà, ìyẹn sì máa ń jẹ aṣọ. Mo ti rán èyí tí àwọn ẹyẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ń forí sọlẹ̀ rí. Ọmọ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló pe àkíyèsí mi sí i. Ohun tí mo fi àgékù ṣe jù ni kọ́là, àpò, apá: ara tọ́ọ̀pù á jẹ́ aṣọ aláwọ̀ kan, apá á jẹ́ àǹkárá. Bẹ́ẹ̀ ni aṣọ méjì tí kò tó á di odidi kan.

Bẹ́díṣíìtì òkìríkà

Àwọn kan á ní ẹlẹ́yà ni mo ń ṣe. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bẹ́díṣíìtì Amẹ́ríkà tí kò ní rọ́bà létí, tí wọ́n ṣe fún bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń pè ní full, máa ń jẹ́ íǹṣì 81 ní ìbú, 96 ní gígùn. Bẹ́ ẹ bá fi wé àǹkárá oníǹṣì 45, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó yáàdì márùn-ún. Ẹ bi ara yín iye tí yáàdì àǹkárá márùn-ún jẹ́.

Wọ́n ti fọ̀ ọ́ àìmọye ìgbà kó tó dé ọwọ́ yín, nítorí náà bó bá máa súnkì, ó ti súnkì tán. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá máa ṣí, ó ti ṣí. Òwú tàbí àdàlù òwú ló pọ̀ jù nínú wọn, lébẹ́ẹ̀lì etí rẹ̀ á sì sọ ọ́, bí wọn ò bá tíì gé e. Fún ẹni tó fẹ́ dán páátànì wò kó tó fi aṣọ gidi gé e, mi ò mọ ohun tó jù ú lọ. Èyí tó bá sì ní òdòdó kéékèèké, ẹ kàn rán an tán, kí ẹ wọ̀ ọ́ jáde. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè ibùsùn tó ti wá.

Ẹ gbé àárín rẹ̀ sókè sí oòrùn: ibi tí ara ti ń yí lé e lálaalẹ́ máa ń fẹ́lẹ́, ibẹ̀ ló sì kọ́kọ́ máa ya. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti gé iwájú àti ẹ̀yìn. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, omi gbígbóná, ọṣẹ, oòrùn. Ìjọba wa ò sì fọwọ́ sí kíkó aṣọ àlòkù wọ Nàìjíríà, ìyẹn lè wà lára ohun tó fà á tí iye rẹ̀ ò fi ní ibi ìdúró kan.

Kàm̀pálà, ní ṣókí

Aró ni wàhálà rẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi á fi mọ́. Iyọ̀ tí wọ́n ní ká bù sí i kọ́ ló máa dá àwọ̀ dúró. Owó rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó rán bí àǹkárá gẹ́lẹ́. Bẹ́ ẹ bá dé Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò níbẹ̀ náà, torí ayédèrú tí ẹ̀rọ tẹ̀ ti wọ àárín àdìrẹ.

Owó tí aláṣọ kì í dárúkọ

Òwú ìránṣọ, síìpù, gọ́ọ̀mù sítéè tẹ́ ẹ máa fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ọrùn, wíìfù, owó ọkọ̀. Ẹ fi wọ́n kún un, ẹ ó sì rí i pé owó tọ́ọ̀pù méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́ ò ní dín sí owó tí télọ̀ á gbà. Mi ò ní tàn yín. Láti orí ìkẹrin ló bẹ̀rẹ̀ sí í san fún mi.

Tó bá jẹ́ òní ni mò ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́díṣíìtì kan ni màá rà láti fi ba nǹkan jẹ́, kí n tún ra yáàdì méjì àǹkárá òwú láti fi wọ̀. Àgékù á tẹ̀ lé e. Kíréèpù á dúró dìgbà tí mo bá ti rán àǹkárá márùn-ún. Elésè àlùkò mi ọjọ́sí? Mo fi yáàdì kan nínú ẹ̀ ṣe láínìn jákẹ́ẹ̀tì. Méjì tó kù ṣì wà nínú àpótí.