Àgbéyẹ̀wò Tearaway lórí PS Vita: géèmù tó ń fi gbogbo ara ẹ̀rọ ṣeré

Ọ̀pọ̀ géèmù PS Vita, ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́dìmú ti Sony, ló fi ojú ìfọwọ́kàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Wọ́n á ní kí o tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan kí ilẹ̀kùn ṣí, ó tán nìyẹn. Tearaway kì í ṣe ẹgbẹ́ wọn. Bí ojú ẹ̀yìn Vita rẹ bá ti kú, má wulẹ̀ rà á, torí o ò ní lè kọjá apá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Media Molecule, iléeṣẹ́ tó wà ní Guildford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é. Rex Crowle ló darí iṣẹ́ náà, Sony sì gbé e jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2013.

Bébà ni gbogbo ohun tó wà nínú ayé rẹ̀: òkè, koríko, omi, títí kan ẹyẹ ojú ọ̀run. Ìránṣẹ́ kékeré kan tí orí rẹ̀ jẹ́ àpò lẹ́tà ni wàá máa darí. O lè mú Iota tó jẹ́ ọkùnrin tàbí Atoi tó jẹ́ obìnrin, kò sí ìyàtọ̀ nínú ohun tí wọ́n lè ṣe. Lẹ́tà tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ délé, ìwọ tí o di ẹ̀rọ náà mú gan-an ni wọ́n sì fi rán an sí. Kámẹ́rà iwájú á gbé ojú rẹ sínú ihò kan tó ya nínú oòrùn, bí ìránṣẹ́ náà bá ti gbójú sókè, ìwọ ló ń rí. Ó lè dà bí àwàdà nígbà àkọ́kọ́, àmọ́ orí rẹ̀ ni ìtàn náà dúró lé títí dé òpin. Nítorí náà, má ṣe bo kámẹ́rà iwájú, má sì ṣe é nínú òkùnkùn, àfi tó o bá fẹ́ kí oòrùn dúdú máa tẹ̀ lé ọ kiri.

Ojú ẹ̀yìn ni ọba. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ní àwọn àmì bọ́tìnnì PlayStation, ìyẹn onígun mẹ́ta, òbìrí, àgbélébùú àti onígun mẹ́rin, bébà ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Ti ìka mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, bébà á ya, ìka ńlá á sì yọ láti abẹ́ ilẹ̀. Òun lo máa fi ti òkúta kúrò lọ́nà, òun náà lo máa fi gbá àwọn Scraps dànù, àwọn ọ̀tá onígun mẹ́rin olójú kan tí wọ́n fi bébà ṣe. Ibi tí ìka rẹ wà lẹ́yìn ni yóò ti yọ níwájú, wọ́n bára mu géẹ́. Má ṣe wá bọ́tìnnì kankan. Wo ibi tí nǹkan náà wà lójú ẹ̀rọ, kí o sì fi ìka sí ẹ̀yìn rẹ̀ tààrà.

Awọ ìlù wà káàkiri pẹ̀lú. Ìránṣẹ́ náà kò lè fò nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó fún un ní agbára yẹn. Kó tó di ìgbà náà, orí awọ ìlù ló gbọ́dọ̀ dúró, kí o lu ẹ̀yìn ẹ̀rọ, kí awọ sì gbé e sókè. Ọgbọ́n gidi ni wọ́n fi ṣe èyí, torí pé kí bọ́tìnnì fífò tó dé, ọwọ́ rẹ á ti mọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà dáadáa. Ohun tó máa ń dààmú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ń tẹ ìka mọ́ ọn, wọ́n sì ń fi í síbẹ̀. Gbá a wéré, kí o sì gbé ìka kúrò. Bí awọ bá tò tẹ̀ léra, dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ lórí èyí tó kàn kó o tó tún lù ú. Ìkánjú ló ń jẹ́ kó já sí kòtò.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀ jù ni ìka tí kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Bí ọ̀nà tí o gbà di Vita mú bá jẹ́ kí ìka ọwọ́ òsì fara kan ojú ẹ̀yìn, ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ìyẹn ò sí nínú eré. Ìka méjì tàbí mẹ́ta á yọ láti inú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí ìlù dún nígbà tí o kò retí rẹ̀. Àwọn ibi tó jìn díẹ̀ wà lẹ́yìn Vita, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ibẹ̀ ni kí ìka tó ń gbé ẹ̀rọ dúró máa wà. Ìka ìfábẹ̀là tàbí ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún ni kí o yà sọ́tọ̀ fún lílù. Àtàǹpàkò òsì kò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ọ̀pá ìdarí, torí ìwọ ni wàá máa darí ìrìn, tí wàá sì tún máa ti ìka bọlẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá tóbi, dìmú oníke tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ náà wúlò gan-an, ṣùgbọ́n wò ó dáadáa kó o tó rà á: irú èyí tó bo ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ kò dára fún Tearaway rárá. Àpò rọ́bà tó ki pàápàá ń dí ìfọwọ́kàn lọ́wọ́. Ọwọ́ tó bá ń làágùn náà a máa da ẹ̀rọ lójú rú. Nù ún, kí o sì tẹ̀ síwájú.

Ní ojú iwájú, iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn jù. Bébà tó ká lo máa tú, èyí tó nà lo máa ká, ọ̀já ẹ̀bùn lo máa fà kó tú. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

Tábìlì ìgébébà ló gba àkókò. Àwọn ẹ̀dá inú eré á máa bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣe nǹkan fún wọn. Ọba ọ̀kẹ́rẹ́, fún àpẹẹrẹ, ń wá adé. Mú àwọ̀ bébà tí o fẹ́, fi ìka ya ìrísí náà, kí ìlà sì padà pàdé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà kí o gé e. Èyí tí o gé yẹn ló máa dé sórí ọba náà lójú ẹsẹ̀, ì báà wọ́ tàbí kó gún. Ìka ẹni ki ju ìlà tó ń yà lọ, ó sì ń bo ibi tí ojú fẹ́ rí. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ tó mọ́ lè lo pẹ́ẹ̀nì ìfọwọ́kàn olórí rírọ̀ tí wọ́n ń lò lórí fóònù. Bírò lásán kò ní ṣiṣẹ́, torí ara ènìyàn tàbí ohun tó ń gbé iná mànàmáná ni ojú Vita ń mọ̀. Àbá mi ni pé kí o gé ìrísí ńlá lákọ̀ọ́kọ́, kí o wá máa to àwọn kékeré lé e lórí ní àwọ̀ mìíràn. Bébà onípele mẹ́ta ń rẹwà ju ìlà wẹ́wẹ́ lórí bébà kan lọ.

Kámẹ́rà ẹ̀yìn ni wọ́n fi ń wọ aṣọ fún ayé náà. Níbì kan, àgbọ̀nrín funfun kan á ní kí o ya fọ́tò ohunkóhun tó wà níwájú rẹ, àwòrán ohun yẹn ló sì máa di awọ ara rẹ̀. Mẹ́gàpísẹ̀lì 0.3 péré ni kámẹ́rà Vita, ìyẹn 640 × 480, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Nínú ilé tí iná rẹ̀ ò mọ́lẹ̀, fọ́tò á kún fún eruku aláwọ̀ mèremère, àgbọ̀nrín á sì dà bí ẹni tí èéfín bò. Súnmọ́ aṣọ tí àwòrán ara rẹ̀ tóbi, tí àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ síra gedegbe, lójú ọ̀sán. Ìlà tín-tìn-tín kò ní hàn.

Kámẹ́rà inú eré tún wà, tí ìránṣẹ́ náà ń gbé kiri. Bó o bá rí ohun tó funfun báláú tí gbogbo yòókù sì ní àwọ̀, ya á ní fọ́tò. Àwọ̀ rẹ̀ á padà, wàá sì gba àwòṣe rẹ̀ tí a lè tẹ̀ sórí bébà gidi, kí a gé e, kí a ká a, kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Bí o bá fẹ́ ṣe é lóòótọ́, bébà ìtẹ̀wé gíráàmù 80 rọ̀ jù, ẹsẹ̀ ẹranko á tẹ̀. Láti 120 sí 160 ló ń dúró. Kí o sì fi nǹkan tí kò mú fa orí ìlà ìká kó o tó ká a, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú ìká á ya.

Máìkì kò rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe: wọ́n á ní kí o pariwo, ohùn rẹ á sì di ti nǹkan inú eré. Ẹ̀rọ tó ń mọ yíyí náà dé, wàá máa yí Vita kí pèpéle yí. Jókòó ṣinṣin nígbà yẹn. Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì á máa bá ara rẹ̀ jà.

Àléébù rẹ̀ wà o. Ojú tí a fi ń wo eré náà máa ń ha sí kọ̀rọ̀ nígbà mìíràn, tí kò ní jẹ́ kí o mọ bí pèpéle ṣe jìnnà tó, pàápàá ní apá ìkẹyìn tí fífò ti pọ̀. Ikú kò ní ìyà, ìtòsí ibi tí o ti ṣubú ni eré náà máa gbé ọ padà sí, ẹni tó ń wá eré líle kò ní rí i níhìn-ín. Kò gùn náà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ, ó sì ń gùn sí i bó o bá ń wá gbogbo ẹ̀bùn. Mo fara mọ́ kúkúrú rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni àkọ́díọ̀nù tó ń fa afẹ́fẹ́ mu tó sì ń fẹ́ ẹ jáde: ohun èlò tó dára tó bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé.

Ẹ̀dà ti PS4, ẹ̀rọ géèmù Sony tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, jáde ní 2015, Tearaway Unfolded lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ̀ ju ti Vita lọ, àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere, ó sì ń lo iná ara páàdì àti ojú ìfọwọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n páàdì kò ní ẹ̀yìn tí ìka lè gbà yọ. Bó o bá ní Vita, ti Vita ni kó o ṣe ṣáájú.

Fún ẹni tó fẹ́ ra Vita àlòkù nítorí rẹ̀: PCH-1000, ìyẹn Vita àkọ́kọ́, ní ojú OLED ínǹṣì 5, àwọ̀ bébà yìí sì ń tàn lórí rẹ̀ ju ti ojú LCD tó wà lára PCH-2000 tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lọ, àmọ́ 2000 ló fúyẹ́, ṣájà micro USB lásán ló sì ń lò. Méjèèjì ṣe é dáadáa. PS Vita TV, ẹ̀yà tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ni kí o yẹra fún, kò ní kámẹ́rà, kò sì ní ojú ìfọwọ́kàn. Kó o tó sanwó, ṣí Welcome Park, àwọn eré kéékèèké tó wà nínú ẹ̀rọ náà, kí o fi dán kámẹ́rà àti máìkì wò. Béèrè bóyá káàdì ìrántí bá a wá, torí Vita kì í gba káàdì SD lásán.