Ẹ ṣọ́ra o: òkú ni wọ́n ní ó fọwọ́ sí ìwé tí mo rà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ra ìwé Hébérù àtijọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ o. Wọ́n ti fi jìbìtì gba £1,450 lọ́wọ́ mi.

Zohar ni ìwé náà, ìyẹn ìwé ìjìnlẹ̀ àṣírí ẹ̀sìn àwọn Júù; Slavita ní Ukraine ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Rábì Pinchas ti Koretz ló dá ilé ìtẹ̀wé yẹn sílẹ̀, ìwé wọn sì níyì gan-an lójú àwọn Hasidim, ìyẹn ìjọ kan láàárín àwọn Júù olùfọkànsìn. Àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́ ló gbé owó rẹ̀ sókè. Orúkọ kan ni, tí wọ́n fi yíǹkì kọ sójú ewé àkọ́kọ́. Ọkùnrin tó tà á ní Rábì Levi Yitzchak ti Berditchev, aṣáájú ńlá kan láàárín àwọn Hasidim, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó tún fi ìwé ẹ̀rí kún un, òǹtẹ̀ pupa lára rẹ̀. Òǹtẹ̀ ta ni? Òǹtẹ̀ tirẹ̀ ni! Èmi tí mo ti ń ra ìwé àtijọ́ láti ọdún mọ́kànlá, mo wò ó, mo ní ó dáa.

Mo gbé e lọ bá bàbá Júù kan ní Stamford Hill, ní London níbí. Ká sọ òótọ́, mo fẹ́ yangàn ni. Bàbá ò tiẹ̀ wo orúkọ yẹn. Ìsàlẹ̀ ewé ló ń wò, ó ń fìka ṣírò lẹ́tà. Ó ní, ọdún wo ni Levi Yitzchak kú? Mo ní 1809. Ó ní, 1824 ni wọ́n tẹ ìwé yìí. Ló bá rọra pa á dé. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Òkú ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Ó jí ní Berditchev, ó rìn dé Slavita, ó ra ìwé, ó kọ orúkọ sí i, ó padà wọ sàréè! Èmi fúnra mi ni mo sì fẹnu ara mi sọ 1809!

Kẹ́nikẹ́ni má pè mí ní olójúkòkòrò o. Ẹ̀yin náà ì bá rà á. Nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́, àtàǹpàkò rẹ̀ ló fi bo ibi tí ọdún wà. Mo rí àtàǹpàkò yẹn, mi ò bi í léèrè. Nígbà tí mo kọ̀wé sí i, ó ní Levi Yitzchak mìíràn ni. Mìíràn! Berditchev ló kọ sínú ìwé ẹ̀rí! Láti ìgbà yẹn, ó ti bulọ́ọ̀kì mi.

Ẹ yáa ṣírò ọdún kẹ́ ẹ tó sanwó. Lẹ́tà Hébérù ni wọ́n fi ń kọ ọ́, iye ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún: ת 400, ק 100, פ 80, ד 4, ó di 584, ẹ fi 1240 kún un, ó di 1824, ọdún tiwa. Bí ọdún náà bá fara pa mọ́ sínú ẹsẹ Bíbélì, àwọn lẹ́tà tó tóbi jù lẹ máa kà. Bí yíǹkì bá sì ṣàn wọ ihò tí kòkòrò ti jẹ, ẹ sá: ihò ti wà kí wọ́n tó kọ orúkọ nìyẹn.

Ẹ má sì torí èyí bú àwọn Júù. Júù ló là mí lójú. Àwọn tó ń ta ìwé àtijọ́ ni mi ò gbà gbọ́ mọ́, gbogbo wọn pátá, àtolóòótọ́ àti òpùrọ́.

Ìyàwó mi bi mí lánàá pé èló ni mo ra ìwé orí tábìlì yìí. Mo ní £145. Ẹ bá mi bò ó o.