Ẹ fẹ́ ra dróònù fún ẹlẹ́dẹ̀ igbó? Mavic 3T àti Matrice 30T rèé

Ẹlẹ́dẹ̀ igbó tí wọ́n ti ń dọdẹ rẹ̀ kì í fi ọ̀sán jáde mọ́. Òru ló ń hú oko. Nítorí náà, kámẹ́rà tó ń rí ooru ara ẹran ni ẹ ń fowó rà. Dróònù kàn ń gbé e kiri ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo Mavic 2 Enterprise Dual àlòkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó ń para pọ̀ di àwòrán) 160 × 120 péré ni kámẹ́rà ooru rẹ̀. Bó bá ti gòkè díẹ̀, ẹlẹ́dẹ̀ àti ọmọ màlúù á jọra wọn bí kóró àgbàdo.

640 × 512 ni ti Mavic 3T àti Matrice 30T, ó lé ní ìlọ́po 17 èyí tí mo sọ lókè. Ẹ lè ka agbo náà tọmọtìyá, ibẹ̀ sì ni èrè wà. Abo kan lè bí ọmọ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí ilẹ̀kùn pàkúté tí ẹ dẹ fún wọn bá tì mọ́ ìdajì agbo, ìdajì tó kù á gbọ́n, wọn ò ní sún mọ́ ọn mọ́. Ẹ kà wọ́n pé kí ẹ tó tì í.

Níbo ni méjèèjì ti yàtọ̀? Mavic 3T kò tó kílò kan, ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n kọ sí i lára pé ó lè fò, ṣùgbọ́n kò ní ìdáàbòbò kankan lọ́wọ́ òjò. Matrice 30T (M30T) fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò mẹ́rin, ìṣẹ́jú 41 ni tirẹ̀. Ó lè gba òjò sára, ó sì ní ìtànṣán tó ń wọn jíjìnnà ẹran, tó ń sọ ibi tó wà gan-an fún àwọn tó ń dẹ pàkúté nísàlẹ̀. Olóko kan ṣoṣo, Mavic 3T tó o. Ẹgbẹ́ tó ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn nígbà òjò ni M30T yẹ.

Kò sí èyí tó ń rí ẹran lábẹ́ ewé tó ṣú dùdù. Bí oòrùn bá sì ti pa ilẹ̀ àti òkúta, ìdájí nìkan ni àwòrán á mọ́. Ẹ má fò wálẹ̀ lé wọn kiri: agbo á túká, òfin ọdún 1971 ní Amẹ́ríkà sì ka fífi ọkọ̀ òfuurufú da ẹran igbó láàmú sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ ṣírò bátìrì kí ẹ tó sanwó. Méjì ni M30T ń lò pọ̀ lẹ́ẹ̀kan; ẹni tó bá ra mẹ́rin, ìfò méjì péré ló rà.